Ọwọ́ tí Sàlímọ́tù Nà sí Bàbá Martins

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Sàlímọ́tù ọmọ Alfa Gbàdàmọ́sí dáadáa ní Amukòkò láyé ìgbà náà, ewúrẹ́ ni kó lọ bi. Èyí tó bá ti ki ẹnu bọ gbàgúdá tí ìyá rẹ̀ sá sóòrùn, kó tó gbé òkèlè kejì mì, òkúta kékeré kan á ti bà á níbàdí, á sì sá gba ọ̀nà Olódì lọ láìwẹ̀yìn. Sàlímọ́tù kì í tàsé. Ohun kan ṣoṣo tó ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni pé ọwọ́ òsì ló fi ń ju òkúta.

Ẹ sì wò ó, ọmọ Alfa ni. Bàbá rẹ̀ ti Ìsẹ́yìn wá, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kéú, tèwe tàgbà ń wólẹ̀ kí i, àmọ́ nínú ilé tirẹ̀, òsì ló ń ṣíwájú lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Bó bá fẹ́ jẹun, òsì. Bí àlejò bá na owó ẹ̀kọ sí i, òsì. Àwọn aládùúgbò kì í sọ̀rọ̀, wọ́n kàn máa ń wo Alfa bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ ya lẹ́yìn tí kò mọ̀. Alfa fara dà á títí ó fi sú u. Ó ya ọ̀já kan lára láwàní rẹ̀ àtijọ́, ó fi so ọwọ́ òsì ọmọ náà mọ́ ìbàdí rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni yóò wà títí ọ̀tún yóò fi gbọ́n.

Kì í ṣe ìkà ló ń ṣe é. Ẹ̀rù ló ń bà á.

“Sàlímọ́tù,” ó máa ń sọ fún un, “ilé ọkọ lò ń lọ lọ́la. Wọn ò ní sọ pé ọwọ́ rẹ ni kò gbọ́n o, bàbá rẹ ni wọ́n á ní kò kọ́ ọ.”

Ọmọ náà sunkún, ó sunkún sú, ọ̀tún sì gbọ́n. Ó gbọ́n débi pé nígbà tí Sàlímọ́tù dàgbà, tó fẹ́ Kazeem tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ní wáàfù, tó bí Ràbíátù fún un, kò sẹ́ni tó rántí ọ̀rọ̀ òsì mọ́. Ọ̀tún ló fi ń jẹun, ọ̀tún ló fi ń gba nǹkan, ọ̀tún ló fi ń kọ orúkọ rẹ̀. Ilé ìdáná nìkan ló mọ àṣírí. Bí ó bá ku òun nìkan níbẹ̀, òsì á gba ọ̀bẹ, á máa rẹ́ ilá wẹ́wẹ́, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá dún lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀bẹ á ti bọ́ sí ọ̀tún, ilá tó kù nínú ìkòkò á sì rí wúruwùru. Kazeem jẹ irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò bèèrè ohun tó fà á tí ilá kan fi kúnná tí èkejì fi dà bí àfọ́kù òkúta.

Lọ́dún 1972, ìjọba kéde pé kí gbogbo ọkọ̀ fi apá òsì títì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Gbogbo awakọ̀ Èkó ń ráhùn, Kazeem ló sì ń ráhùn jù, torí ó ní ẹsẹ̀ òun mọ ọ̀nà Ìjọra lójú oorun, òun ò sì mọ bí òun ṣe fẹ́ gbọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Alfa Gbàdàmọ́sí nìkan ni inú rẹ̀ dùn. Ó fẹsẹ̀ rìn láti Amukòkò wá sí ilé wọn ní Ajégúnlẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà.

“Ṣé o rí i, Sàlímọ́tù?” ni ó wí kó tó jókòó. “Ìjọba gan-an ti so ó mọ́ ìbàdí.”

Sàlímọ́tù rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé omi fún un. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, torí ohun kan wà tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀.

Láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí ló ti ń ṣe àbójútó oúnjẹ ní ọgbà ìgbafẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ní Àpápá. Lẹ́yìn ọgbà náà, lápá ibi tí omi wà, wọ́n kó yanrìn jọ bí òkè, wọ́n gbé pátákó àmì síwájú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn yíyìn ṣeré ìdárayá máa ń pé jọ ní Sátidé. Olórí wọn ni Ebikabowei, ará Ìjọ̀ kan tó ti ṣiṣẹ́ ológun ojú omi rí, èèyàn gíga tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ wá dán an wò lójú òun. Sàlímọ́tù nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó tò sẹ́yìn àwọn yòókù. Nígbà tó kàn án, ó na ọ̀tún síbi ìbọn ìléwọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé ire, ó sì dúró bí ẹni tó gbé ẹyin dání.

“Madam,” ni Ebikabowei wí, “hold am for the hand wey you like. Èyí tó bá wù yín.”

Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, kò sẹ́ni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún un rí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnikẹ́ni tó mọ Amukòkò. Ó gbé ìbọn náà bọ́ sí òsì. Ibi tí ọta bà, àwọn ewúrẹ́ nìkan ni kò ní yà lẹ́nu.

Bí ó ṣe di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn, kò sì pẹ́ tó fi di ẹni tí wọ́n fi ń yangàn. Alfa gbọ́ pé ọmọ òun ń yìnbọn. Ó kọ́kọ́ fajú ro, ó tún rò ó, ó ní àwọn aṣáájú ẹ̀sìn ní kí a kọ́ ọmọ ní ọfà títa, ìbọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ọfà. Ọwọ́ tó fi ń yìn ín ni kò bèèrè. Sàlímọ́tù náà kò sọ. Inú ọgbà yẹn nìkan ni òsì rẹ̀ ti ń mí, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wá so ó.

Lọ́dún tí ọkọ̀ gba ọ̀tún yìí kan náà, ẹgbẹ́ kan láti Wárì kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ wá bá wọn díje. Ẹgbẹ́ Àpápá wo ìbọn àtijọ́ wọn, èèkù rẹ̀ gbọọrọ bí ọmọ odó, rọ́bà dúdú tí wọ́n fi wé e ti ń re, wọ́n ní kò yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí Sàlímọ́tù lọ yan ìbọn ìléwọ́ gidi, kí wọ́n sì ṣe é bá ara rẹ̀ mu, bí télọ̀ ṣe ń rán aṣọ. Ọlọ́pàá ti fún ẹgbẹ́ ní ìwé àṣẹ, inú àpótí irin ọgbà ni yóò sì máa sùn.

Olódì-Àpápá ni ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Bàbá Martins ni wọ́n ń pè é, ọmọ Àgùdà láti Èkó, ó ti tọ́jú ìbọn fún ìjọba títí tí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun, àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára ògiri nínú gíláàsì. Kazeem tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó ní òun kò lè jókòó sílé kí wọ́n máa yan nǹkan olówó ńlá láìsí ọkùnrin níbẹ̀. Àwa mọ̀ pé ojúmìító ló ń ṣe é.

Bàbá Martins tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó gbé ìbọn mẹ́ta lé e. Gbogbo wọn ló jẹ́ irú èyí tí ń kì ara rẹ̀: bí o bá fa tírígà, ọta kan á jáde, èèpo rẹ̀ á ta síta, òmíràn á sì ti wọlé dúró dè ọ́. Èyí àkọ́kọ́ ń dán yinrinyinrin, òdòdó fínfín wà lára rẹ̀ láti ẹnu dé ìdí. Kazeem kò wo ìyókù mọ́.

“Ìyá Ràbí, èyí ni,” ó wí. “Ẹ wo bó ṣe ń kọ mọ̀nà. Bí wọ́n bá rí èyí, wọ́n á padà sí Wárì.”

“Bàbá Ràbí, ẹ jẹ́ n gbé e wò ná.”

Ó fi ọ̀tún gbé e, torí ọkọ rẹ̀ ń wò ó. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ wúwo, ó ń tẹ̀ sílẹ̀ bí àgbà tó ń tòògbé. Ìkejì fúyẹ́, tírígà rẹ̀ sì ń há, o máa fà á, á dúró, o máa tún fà á. Ìkẹta dúdú lásán, kò sí ẹwà kankan lára rẹ̀. Bàbá Martins yẹ inú rẹ̀ wò kí gbogbo wọn rí i pé kò sí ọta níbẹ̀, ó wá gbé e fún un. Sàlímọ́tù kọjú rẹ̀ sí ògiri, ó fà á jẹ́jẹ́. Ó ṣẹ́ bí ẹ̀pà gbígbẹ, pẹ́, láìfì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó tún fà á. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Èyí ni mo fẹ́, Bàbá.”

“Èyí tó burẹ́wà yìí?” ni Kazeem wí.

“Ọkọ rẹ ì bá fẹ́ òdòdó,” ni Bàbá Martins wí, inú rẹ̀ sì dùn. “Ìwọ mọ nǹkan, ọmọ mi. Ohun tí mo bá fi kún un ni ẹwà rẹ̀ máa ti jáde. Igi àpá ni màá fi gbẹ́ èèkù rẹ̀, màá gbẹ́ ẹ bá ọwọ́ rẹ mu débi pé bí wọ́n bá jí ọ lójú oorun, yóò mọ ibi tó ń lọ.”

Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ojú ìbọn, èyí tí a fi ń fojú sun àmì, wọ́n yan èyí tó fẹ̀ díẹ̀ tó sì dúdú kí oòrùn má bàa tàn án jẹ. Gbogbo ohun tí Bàbá Martins bi í, ó dáhùn bó ṣe yẹ. Ìgbà yẹn ni bàbá arúgbó náà po ìda gbígbóná, ó jẹ́ kó tutù díẹ̀, ó sì nà án sí i.

“Gbà á, ọmọ mi. Dì í mú bí ìgbà tí o bá fẹ́ yìnbọn.”

Sàlímọ́tù kúnlẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó rí irùngbọ̀n funfun bí ti bàbá rẹ̀, ó rí ọwọ́ àgbàlagbà tó nà jáde sí i. Ọ̀tún lọ. Kò tilẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn lọ. Ta ló máa na òsì sí àgbà? Ó di ìda náà mú gírígírí, ìka rẹ̀ sì jáde lára rẹ̀ kedere. Ó rò ó díẹ̀, ó sì fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀: ṣebí ìwọ̀n ọwọ́ ni Bàbá ń wá, ọwọ́ òun méjèèjì kò sì ju ara wọn lọ. Ìbọn ẹgbẹ́ tó mọ̀, ọwọ́ tó bá wu èèyàn ló lè fi dì í. Kò mọ̀ pé èèkù tí a gbẹ́ fún ọwọ́ kan, ọwọ́ kan náà ló ni ín. Bàbá Martins, ní tirẹ̀, rí ọwọ́ tí wọ́n nà sí i, kí ló kù tó máa bèèrè? Ebikabowei tó mọ̀ kò sí níbẹ̀, kò sì rò ó láé pé èèyàn lè ṣi ọwọ́ ara rẹ̀ nà.

Bàbá Martins kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí iṣẹ́ rẹ̀ kó tó parí. Ó ní ọbẹ̀ tí a ń ṣí wò ṣáá kì í jinná bọ̀rọ̀. Nítorí náà, ọjọ́ ìdíje gan-an ló gbé e wá, ó fi aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì wé e.

Gbogbo èèyàn ti pé lábẹ́ tapólì nínú ọgbà. Kazeem ti fi ọkọ̀ ẹrù gbé Alfa Gbàdàmọ́sí wá pẹ̀lú láwàní tuntun, wọ́n sì fún un ní àga níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Martins. Kí wọ́n tó ka orúkọ ẹnikẹ́ni, àwọn arúgbó méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn tó ń dun àwọn bí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Sàlímọ́tù rí bàbá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Kazeem kò sọ fún un pé òun máa mú un wá.

Wọ́n pè é síwájú. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọ̀tún gba ìbọn náà lọ́wọ́ Bàbá Martins. Igi àpá náà pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán, ó sì wọ inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí omi ṣe ń wọ igbá. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá Martins na ọrùn kí gbogbo ènìyàn lè rí òun dáadáa.

Sàlímọ́tù rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń yìn ín, ó kẹ̀yìn sí èrò, ó sì gbé e bọ́ sí òsì.

Ẹni tó bá ti wọ bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì rí yóò mọ ohun tó rí. Ibi tó yẹ kó wọ̀, ibẹ̀ ló yọ gọngọ. Ibi tó yẹ kí àtàǹpàkò sùn lé, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ebikabowei sún mọ́ ọn, ó wò ó, ó sì fi ọwọ́ bo ojú.

“Madam. Which hand you give Papa?”

“Ọ̀tún ni.”

“Ọ̀tún! Wetin right hand do you?”

“Ọ̀gá, ẹ wo irùngbọ̀n wọn,” ni Sàlímọ́tù wí. “Ṣé òsì ni kí n nà sí wọn?”

Ebikabowei fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ó ní ìbọn àtijọ́ wà nínú àpótí, kó lọ mú un. Ó rọrùn lẹ́nu. Bí ó bá mú ìbọn àtijọ́, ó ti dójú ti Bàbá Martins níwájú gbogbo ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún iṣẹ́ rẹ̀, bàbá rẹ̀ yóò sì rí òsì. Bí ó bá fi ọ̀tún yin ìbọn tuntun, ojú kò ní ti ẹnikẹ́ni, àmọ́ Wárì á borí, torí ọ̀tún rẹ̀ mọ ìkíni, kò mọ àmì. Ká sọ òótọ́, Wárì kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ojú Alfa ni, bó ṣe máa rí bó bá mọ̀ pé gbogbo ẹkún ìgbà kékeré, asán ni.

Lẹ́yìn náà, ó yípadà, ó rìn lọ síbi tí àwọn arúgbó méjèèjì wà, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Martins.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ yín. Iṣẹ́ yín dára, èmi ni mi ò dára. Ọwọ́ tí mo nà sí yín, kì í ṣe òun ni mo fi ń yìnbọn.”

Bàbá Martins wo igi àpá rẹ̀, ó wo obìnrin náà.

“Ọwọ́ wo lo fi ń jẹun?”

“Ọ̀tún ni, Bàbá.”

“Èwo lo fi ń kọ̀wé?”

“Ọ̀tún náà ni.”

“Bí o bá fẹ́ sọ nǹkan lu ewúrẹ́ ńkọ́?”

Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló dáhùn.

“Òsì ni,” ni Alfa Gbàdàmọ́sí wí. “Láti kékeré. Kò sí ewúrẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ òsì yẹn rí ní Amukòkò.”

Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá inú ń bí i. Bàbá Martins gba ìbọn rẹ̀, ó tún fi fẹ́lífẹ́ẹ̀tì wé e.

“Lọ mú èyí tó bá ọ mu,” ó wí. “Igi ò tíì tán nígbó.”

Sàlímọ́tù fi òsì gbé ìbọn onírọ́bà dúdú, ó dúró níbi tí bàbá rẹ̀ ti lè rí ọwọ́ náà, kò sì fi ẹ̀yìn bò ó mọ́. Ejiro tó ṣojú Wárì mọṣẹ́, ọta rẹ̀ kì í jìnnà sí àárín àmì, wọ́n sì jọ ń sáré ọ̀hún bọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà títí dé ìparí. Níbẹ̀ ni Ejiro ti fi ìwàǹwára fa tírígà. Sàlímọ́tù kò ṣe wàǹwára. Ó rántí gbàgúdá ìyá rẹ̀ nínú oòrùn, ó mí síta, ó sì fà á. Nígbà tí wọ́n gbé pátákó wá, Ejiro ló kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

“Madam, that your left hand na winch,” ó wí, gbogbo ọgbà sì rẹ́rìn-ín.

Alfa kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ ọkọ̀ Kazeem padà sílé, kò sọ ju “Ọlọ́run ṣeun” lọ lójú ọ̀nà, Sàlímọ́tù tó jókòó láàárín wọn sì gbé ọwọ́ òsì pa mọ́ sábẹ́ ìborùn títí wọ́n fi dé Amukòkò. Ayọ̀ rẹ̀ kò pé. Ó dùn ún ju bí ẹni pé ó pàdánù lọ.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí po, tó ń múra àtilọ sí Olódì fún èèkù mìíràn, ó gbọ́ ikọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Ṣé òní kọ́ lò ń lọ sọ́dọ̀ Martins?” ni Alfa bèèrè. “Mo fẹ́ kí i. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun.”

Wọ́n jọ lọ. Bàbá Martins kò bínú, ó ti gé igi àpá tuntun sílẹ̀, ó sì ti rí ẹni tí yóò ra èèkù àkọ́kọ́, ọlọ́wọ́ ọ̀tún kan tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, bó ṣe wí. Ó po ìda, ó jẹ́ kó tutù. Alfa jókòó lórí àpótí nítòsí. Sàlímọ́tù kúnlẹ̀.

“Gbà á, ọmọ mi,” ni Bàbá Martins wí, ó sì nà án.

Sàlímọ́tù mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó ti múra rẹ̀ láti ilé. Síbẹ̀, bí ó ṣe rí ọwọ́ arúgbó náà, ọ̀tún tún dìde fúnra rẹ̀, ó ti ń lọ.

Alfa Gbàdàmọ́sí tẹ̀ síwájú lórí àpótí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọ̀tún ọmọ rẹ̀, ó gbé e sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sí ìbàdí rẹ̀, ó sì dì í mú síbẹ̀.

“Ó yá,” ó wí. “Na èkejì.”